Sísùn Kọ́ Ni Àìmọ̀-Ìrora: Abẹ́rẹ́ Tí Ń Pa Ara Ajá Kí A Tó Ṣí Oríkèé Rẹ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé Tanímọ̀la wá sílé ìwòsàn ẹranko, inú àpò ìrẹsì ló wà, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ajá ọdẹ ni. Ìdájí ni wọ́n ti gbéra ní Òmù-Àrán, wọ́n wọ mọ́tò wá sí Ìlọrin. Ọ̀kadà ló gbá a lójú títì tó lọ sí Ẹ̀sìẹ́, ó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún kò tẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi òrí pa á, wọ́n ti fi igi dì í, ẹnì kan tó máa ń to eegun sì ti fà á lẹ́ẹ̀mejì. Fọ́tò eegun tí a yà fi hàn pé orí eegun itan rẹ̀ ti yọ kúrò nínú kòtò rẹ̀ ní ìbàdí, ó ti gòkè lọ jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti pẹ́ jù láti fi ọwọ́ dá a padà. Ohun tó kù ni kí a ṣí ìbàdí náà, kí a gé orí eegun itan yẹn kúrò, kí iṣan àti ẹran tó yí i ká lè di oríkèé tuntun fún un. Ajá tó wọn kílò 15 bíi tirẹ̀ máa ń rìn dáadáa lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, bí olówó rẹ̀ bá jẹ́ kó máa rìn.

Bàbá gbọ́ gbogbo àlàyé náà tán, wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé yóò mọ̀ ọ́n lára?"

Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Yóò sùn."

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Mi ò bi ọ́ bóyá yóò sùn."

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ní 500 level ló ṣì ń dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sì yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún tó ṣáájú, níbì kan tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ nígbà ìsinmi, tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún ajá kan lójú mi. Xylazine àti ketamine ni wọ́n fi mú un sùn, kò sí ohun mìíràn. Bí ọ̀bẹ ṣe dé oríkèé báyìí, ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí lókèlókè, ọkàn rẹ̀ ń sáré. Wọ́n fún un ní ketamine sí i. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n tún fún un sí i. Nígbà tó jí, ó ké débi pé obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì wọlé wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan, oògùn ló ń kúrò lójú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ketamine lè mú kí ajá ké nígbà tó bá ń jí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ajá yẹn kò jẹun, ní ọjọ́ kẹta ó gé ẹni tó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ jẹ. Ketamine ti kúrò lára rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ nígbà yẹn.

Inú ọpọlọ ni oorun ti ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí ọpọlọ. Nínú oríkèé, eegun rírọ̀ tó ń dán, tó bo orí eegun, kò ní nọ́ọ̀fù kankan nínú. Bí o bá gé e, kò ní dun ajá. Àpò tó yí oríkèé ká àti awọ tín-ín-rín tó bo eegun ni nọ́ọ̀fù kún inú wọn, ìyẹn iṣan wẹ́wẹ́ tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sókè. Àwọn gan-an la sì máa ń gé, tí a máa ń fà, tí a máa ń ha nígbà iṣẹ́ abẹ oríkèé. Ìdí nìyí tí irú iṣẹ́ abẹ yìí fi wà lára àwọn tó ń dun ẹranko jù. Nígbàkígbà tí ọ̀bẹ bá kàn wọ́n, nọ́ọ̀fù á ránṣẹ́ gba inú ẹ̀yìn lọ, bóyá ajá sùn ni o, bóyá kò sùn. Gáàsì isoflurane tí wọ́n ń lò níbi tí wọ́n bá ti ní ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dá iṣẹ́ náà dúró rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí kò jí láti gbà á. Xylazine àti ketamine sàn jù ú lọ lápá ibí yìí, àwọn méjèèjì ń dín ìrora kù. Àmọ́ agbára xylazine lórí ìrora kì í pẹ́ tó ìdajì wákàtí kó tó máa rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò tíì gbé eegun itan síta nígbà yẹn.

Ẹni tó bá ti wọ musíọ̀mù Ẹ̀sìẹ́, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, yóò ti rí àwọn ère òkúta tó jókòó sórí àpótí, tí wọ́n ń wo èèyàn láìṣẹ́jú. Ajá tí ketamine wà lára rẹ̀ jọ wọ́n gan-an: ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mira, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó rọrùn fún oníṣẹ́ abẹ láti gbàgbé pé kì í ṣe òkúta ló wà níwájú òun.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí okùn ọpọlọ tó gba inú eegun ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ń kanlẹ̀kùn onílé kan ṣáá fún wákàtí kan, ara onílé náà á wà lójú ọ̀nà débi pé bí ewé bá já lulẹ̀ yóò ta gìrì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìrora bá ti wọlé lọ fún ìgbà pípẹ́, àwọn nọ́ọ̀fù inú ẹ̀yìn á di eléti lílékè: ohun tí kò yẹ kó dun ajá púpọ̀ á máa dùn ún gan-an, ohun tí kò yẹ kó dùn ún rárá, bí ìgbà tí a fọwọ́ rọra kàn án, á di ìrora. Ajá tó géni jẹ ní ọjọ́ kẹta, ohun tó ṣe é nìyẹn, lójú tèmi. Kí ó tó jí ni ó ti yẹ kí wọ́n ti tọ́jú ìrora rẹ̀.

Ibí ni abẹ́rẹ́ tí ń pa ara ti wọlé. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ eyín rẹ̀ rí nílé ìwòsàn mọ̀ ọ́n: wọ́n á gún un lẹ́rìgì, ètè á kú tìpìrì, ojú rẹ̀ á sì là kedere bí wọ́n ṣe ń fa eyín náà. Lidocaine ni. Iṣẹ́ tí nọ́ọ̀fù ń rán, sódíọ̀mù ló ń gbé e rìn. Ó ń gba àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wọnú nọ́ọ̀fù, láti ibì kan sí èkejì, bí iná ṣe ń ran igbó. Lidocaine àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń wọ inú nọ́ọ̀fù lọ dí àwọn ilẹ̀kùn náà. Iná kú síbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tó dé ẹ̀yìn, áńbọ̀sìbọ́sí ọpọlọ.

Kokéènì ni àkọ́kọ́ irú oògùn yìí. Carl Koller ló fi pa ojú èèyàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ lójú náà, ní Vienna, ní 1884. Lidocaine dé ní 1943, láti ọwọ́ Nils Löfgren àti Bengt Lundqvist ní Sweden, bupivacaine sì tẹ̀lé e ní 1957, Sweden náà ni. Ohun tó kàn wá jù ni pé lidocaine tètè ń ṣiṣẹ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń tó wákàtí kan sí méjì. Bupivacaine lọ́ra díẹ̀, ó lè gba ogún ìṣẹ́jú kó tó múlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó lè dúró fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà.

Mo mọ̀ pé àwọn ìwé tí a ń kà, tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, máa ń fi morphine, methadone àti fentanyl sí iwájú, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ tí ń pa ara ṣe àfikún. Níbi tí a wà yìí, mo rò pé ó yẹ kí a yí i padà. Òfin tó de morphine le, kì í ṣe ohun tí dókítà ẹranko ní ìlú kékeré lè yà rà lọ́jà oògùn. Tramadol náà ti di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ara ajá kì í sọ ọ́ di ohun tó ń pa ìrora tó bí ara èèyàn ṣe ń ṣe. Lidocaine ńkọ́? Ó wà ní gbogbo ilé oògùn ńlá. Ọmọ ilé ìwé lè ra ìgò kan. Ohun tó wọ́n níbẹ̀ kì í ṣe oògùn, ìmọ̀ ibi tí a ó fi abẹ́rẹ́ sí ni.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Tanímọ̀la. Ìbàdí la fẹ́ ṣí, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn la sì fún un. Bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n yín rí, ẹ ti lè gbọ́ pé wọ́n gún un lẹ́yìn, tó sì gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ lórí tábìlì. Ìbátan rẹ̀ ni tiwa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ti àwọn ìyá ọlọ́mọ sábà máa ń wọ inú omi tó yí okùn ọpọlọ ká; tiwa kì í wọnú omi náà, ẹ̀yìn awọ tó bò ó la ń da oògùn sí.

Eegun ẹ̀yìn ajá ní ìsàlẹ̀ ìhà jẹ́ méje. Lẹ́yìn ìkeje ni eegun ìdí bẹ̀rẹ̀, àlàfo kan sì wà láàárín wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ajá, okùn ọpọlọ ti parí kó tó dé àlàfo yìí, ìdí nìyẹn tí a fi yàn án. Lẹ́yìn tí Tanímọ̀la ti sùn, a fi àyà rẹ̀ lélẹ̀, a fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì síwájú kí àlàfo náà lè là. A fá irun ibẹ̀, a fọ̀ ọ́ títí, ọ̀gá wa sì wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka àárín sórí eegun ìbàdí tọ̀tún-tòsì, wọ́n wá fi ìka tó kù láàárín wá kòtò kékeré tó wà níbi tí eegun keje parí sí. "Fọwọ́ kàn án," wọ́n sọ fún mi. Ó rọ̀, bí àárín orí ọmọ tuntun.

Abẹ́rẹ́ náà wọlé tààrà. Nígbà tó kọjá awọ, wọ́n yọ irin inú rẹ̀, wọ́n sì kán omi iyọ̀ sí ẹnu rẹ̀ títí omi náà fi rọ̀ gbọ̀ngbọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, ó kan eegun, wọ́n fà á padà, wọ́n yí ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rí i tí omi náà dédé wọlé lọ, bí ìgbà tí ilẹ̀ gbígbẹ fa òjò mu. Mi ò mọ ohun mìíràn tó wù mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ ẹ̀ka yìí. Wọ́n fa sírínjì sẹ́yìn díẹ̀: kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí omi ẹ̀yìn. Ká ní ẹ̀jẹ̀ yọ ni, wọn ò ní fún un lóògùn níbẹ̀. Ká ní omi ẹ̀yìn ló yọ, wọ́n á fa abẹ́rẹ́ jáde tàbí kí wọ́n gé oògùn náà kù sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mílílítà 1 fún kílò 5 ni ìwọ̀n tí a lò. Kílò 15 ni Tanímọ̀la, nítorí náà mílílítà 3 bupivacaine tó jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí a rọra tì wọlé fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú kan. Inú ìgò kékeré tí wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ti wá. Ẹ kíyè sí ìyẹn: ìgò lidocaine ńlá tí a máa ń gún léraléra sábà ní oògùn tí wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má bàa bàjẹ́ nínú, ìyẹn kò sì yẹ kó sún mọ́ ẹ̀yìn ẹranko. Lẹ́yìn náà, a fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí oògùn lè dà sí apá tí a fẹ́ ṣe. Nígbà tí a fún ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, kò fà á padà. Ìrù rẹ̀ rọ̀ bí okùn.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbọ́ ọkàn rẹ̀. Wọ́n gé awọ. Wọ́n ya iṣan sọ́tọ̀. Wọ́n ṣí àpò oríkèé, ibi tí ajá ọjọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí lókèlókè. Ọkàn Tanímọ̀la ń lù bó ṣe ń lù tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé irin lé ọrùn eegun itan, wọ́n gé e, mo sì ń kà á lọ láìrí ìyàtọ̀. Oògùn oorun tí a fi kún un kò tó nǹkan, èyí sì jẹ́ èrè kejì: ajá tí kò mọ ìrora kò nílò oorun jíjìn, oorun jíjìn ló sì máa ń pa wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo ajá la lè fún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn o. Bí egbò tàbí èélá bá wà níbi tí abẹ́rẹ́ fẹ́ gbà, a kì í gún un, a ó kó ìdọ̀tí wọ ẹ̀yìn. Bí ẹ̀jẹ̀ ajá kì í bá dì, a kì í gún un. Ẹ rántí pé ààrùn eégbọn pọ̀ lára àwọn ajá wa, ó sì máa ń dín ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ná. Èyí tí ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, tí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, kó dúró kí a tọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ná, nítorí abẹ́rẹ́ yìí máa ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yìn ara fẹ̀, kí ìfúnpá rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ orúnkún ni, bí àwọn Rottweiler tí iṣan inú orúnkún wọn já, ọ̀nà mìíràn wà: kí a pa nọ́ọ̀fù ẹsẹ̀ yẹn nìkan. Ọ̀kan wà ní inú itan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń gbọ́ ìlù ẹ̀jẹ̀. Èkejì gba ẹ̀yìn itan, láàárín egungun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí àti egungun tí ajá fi ń jókòó, ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti iwájú. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó kù á wà ní dídá, ìtọ̀ kì í sì há. Ṣùgbọ́n láìsí ẹ̀rọ tí ń ta nọ́ọ̀fù jí tàbí ẹ̀rọ tí ń yàwòrán inú ara, àfọwọ́bà ni, ó lè máà bọ́ síbi tó yẹ. Fún ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú, abẹ́ apá ni wọ́n ń gbà, nọ́ọ̀fù tó ń mú ajá mí sì wà nítòsí ibẹ̀. Ẹ má ṣe é fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn kan máa ń da bupivacaine sínú oríkèé gan-an kí wọ́n tó rán an. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì eegun rírọ̀, ohun tí kì í hù padà bọ̀rọ̀. Ó sàn kí a fún un sínú ẹran tó yí ojú abẹ ká bí a ṣe ń rán an ní ìpele-ìpele. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba fọwọ́ sí irú bupivacaine kan báyìí fún ajá ní 2016, Nocita ni wọ́n ń pè é, pàápàá fún iṣẹ́ abẹ orúnkún. Inú ọ̀rá wẹ́wẹ́ ni wọ́n dì í sí, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì fojú rí i nílé yìí.

Ìṣirò ló kù, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Mílígíráàmù 6 lidocaine fún kílò kan ni mo kọ́ láti má kọjá fún ajá, 2 péré ni ti bupivacaine. Ìgò lidocaine tó jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kan. Fún Tanímọ̀la, 15 lọ́nà 6 jẹ́ 90. Mílílítà 4 àti ààbọ̀ ni òpin. Sírínjì mílílítà 5 tó kún ti kọjá rẹ̀! Bí a bá lo oògùn méjèèjì pa pọ̀, agbára wọn ń ro pọ̀ ni, kì í ṣe pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpin tirẹ̀. Ó ti pọ̀ jù bí ara bá ń gbọ̀n pẹ́pẹ́, tí gìrì wá tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọkàn. Ti bupivacaine burú ju, nítorí ó máa ń di ọkàn mú tí kì í fẹ́ tú u sílẹ̀. Ní 2003, Guy Weinberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé omi ọ̀rá tí wọ́n ń fi bọ́ aláìsàn láti inú iṣan lè tú u sílẹ̀. Ajá gan-an ni wọ́n fi dán an wò, kí ó tó di ohun tí wọ́n ń fi gba èèyàn là káàkiri ayé.

Nígbà tí Tanímọ̀la jí, kò ké. Ó gbé orí, ó gbóòórùn ọwọ́ Bàbá, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sì kọ̀. Bàbá pariwo: "Ẹsẹ̀ kan ni mo gbé wá! Ẹ ti sọ ajá mi di arọ!" Ẹ̀bi wa ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni yóò kú títí di alẹ́. Wọn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀. A tẹ ìtọ̀ inú rẹ̀ jáde, a sì fún un ní meloxicam kí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó parí, kí àlàfo má bàa sí láàárín. Láago mẹ́jọ alẹ́ ó fi ẹsẹ̀ òsì dìde, ó fi ti ọ̀tún kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ sí ibi àwo, ó jẹ àmàlà tó wà níbẹ̀ tán.

Gbogbo wákàtí mẹ́rin ni mo ń fi ìwé Glasgow ka ìrora rẹ̀: ṣé ó ń sunkún, ṣé ó ń lá ojú ọgbẹ́, ṣé ó ń wo èèyàn, kí ló ṣe nígbà tí mo tẹ ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24, bó bá sì ti tó 6, ajá fẹ́ oògùn sí i. Tirẹ̀ kò dé 6 ní òru yẹn. Kí wọ́n tó lọ, mo bẹ Bàbá kí wọ́n má fún un ní Ibuprofen láti inú àpótí oògùn ilé, torí ó máa ń lu ikùn ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n padà wá kí a yọ òwú. Tanímọ̀la fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, ó ń tiro díẹ̀. Bàbá bi mí bóyá abẹ́rẹ́ yẹn ṣẹ́ kù, pé orúnkún àwọn náà ń dun àwọn bí òjò bá ti ṣú. Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà èèyàn. Wọ́n ní dókítà èèyàn kì í dáhùn ìbéèrè.